Ojú Ewé Tí Bọ̀dá Ní Kí N Fi Han Òun

…irọ́ ni. Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìwé tó nípọn tó báyìí, ojú ewé igba ó lé ọgọ́ta — kò lè jẹ́ pé kò sí ibì kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tó ti sọ pé ẹni tó bá ṣe ohun tí Bọ̀dá mi ṣe sí mi, ọ̀dájú ni. Ó wà níbẹ̀. Mi ò kàn tíì rí i ni. Tún un kà. Tún un kà, ìwọ obìnrin yìí, má sáré kọjá ìlà kankan.

Aago méjì ti kọjá. Aago mẹ́rin ni Màmá dá. "Aago mẹ́rin, èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ á wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ẹ ó sọ ọ́ lójú mi, yóò sì tán lójú mi." Màmá ò bi mí bóyá mo fẹ́ kó tán. Màmá kì í bi ènìyàn. Mo jókòó sórí ilẹ̀ pálọ̀ mi, máṣíìnì dúró tì mí lórí ìwé ìròyìn kí epo rẹ̀ má baà ta sílẹ̀, ìwé mẹ́rin wà níwájú mi, bírò pupa wà lọ́wọ́ mi. Bírò tí mo fi ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ni. Lónìí, ọkùnrin kan ni mo fẹ́ máàkì.

Òun ló kúkú fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé èmi ni mo ní kó sọ ọ́? Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì wà nínú nǹkan funfun líle tí wọ́n fi ń di eegun tó bá ṣẹ́. Mo pariwo lé e lórí títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ. Òun kò pariwo. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́, ìka kọ̀ọ̀kan. Ó nu ún tán, ó ní: "Lọ wá ìwé máṣíìnì yẹn. Ìwé tirẹ̀ gan-an. Kà á. Ojú ewé tó bá sọ pé èmi ni mo jẹ̀bi, wá fi hàn mí, màá gbà." Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ẹni pé ọmọ iléèwé ni mí. Èmi. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé fún ọdún mọ́kàndínlógún.

Kò burú. Mo ti wá ìwé. Mo ti rí ìwé. Ó ku ojú ewé.

Jẹ́ n tún un tò, bí ìgbà tí mo bá ń ṣe ìṣirò sára pátákó. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo gbé máṣíìnì lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó pààrọ̀ páàdì búréèkì ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, aago méje àárọ̀, mo ń lọ síléèwé, mo dé kọ́nà ilé ìlagi, mo tẹ búréèkì ẹ̀yìn… táyà há pinpin. Kò yí mọ́. Máṣíìnì gbé mi sọ sílẹ̀ bí ẹrù. Ọkọ̀ agbégi wà lẹ́yìn mi — mo ṣì ń gbọ́ bí búréèkì tiẹ̀ ṣe ń ké — Ọlọ́run ló yọ mí. Eegun ọrùn-ọwọ́ mi ṣẹ́ sí méjì. Wẹ́dà tó sáré wá gbé máṣíìnì kúrò lórí mi ló bẹ̀rẹ̀, ló wo ìdí rẹ̀, ló fi ìka kàn án. "Nọ́ọ̀tì ibí yìí ti jábọ́ o. Irin adènà tó yẹ kó di ilé búréèkì mú kó má baà bá táyà yí, òun ló ré sílẹ̀ yìí. Ta ló ṣiṣẹ́ níbí kẹ́yìn?"

Ta ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kẹ́yìn. Ìdáhùn wo ló tún kù? Ta ni í fọwọ́ kan máṣíìnì mi bí kì í bá ṣe Bọ̀dá mi?

Ó wá ń bá mi sọ ọ̀rọ̀ píìnì. "Mo fi píìnì sí i. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì." Píìnì — irin tín-ín-rín ẹlẹ́sẹ̀ méjì, kò gùn tó èékánná àtàǹpàkò, tí wọ́n ń kì bọ inú ihò níwájú nọ́ọ̀tì kí nọ́ọ̀tì má lè tú. Tó bá fi sí i lóòótọ́, níbo ló gbà lọ? Ṣé ó ní ìyẹ́ ni? Mo bi í bẹ́ẹ̀. "Níbo ló wá wà, ìwọ?" Mo pè é ní ìwọ. Níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ẹni tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ, mo na ìka sí i, mo pè é ní ìwọ, ojú rẹ̀ sì… Kò kàn mí. Ojú rẹ̀ ò kàn mí. Ọwọ́ ta ló ṣẹ́?

Mo sì sọ fún wọn níléèwé. Ṣé kí n dákẹ́ ni? Máṣíìnì mọ́kànlá ló máa ń wà lábẹ́ igi iléèwé wa, mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, èmi ni mo kó wọn lọ. Tí nǹkan bá ṣe ọ̀kan nínú wọn ńkọ́, ọrùn ta ni yóò wà? Lọ́jọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo dìde ní yàrá àwọn tíṣà, mo gbé ọwọ́ funfun yẹn sókè kí gbogbo wọn rí i. Mo ní: "Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀mí ara rẹ̀, kó yé gbé máṣíìnì lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi." Yàrá náà pa lọ́lọ́. Igbákejì ọ̀gá gbé e dé àdúgbò rẹ̀, ìyàwó igbákejì ọ̀gá gbé e dé ibi tí èmi ò mọ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tí Bọ̀dá fi ti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní abẹ́ ẹni tó kọ́ níṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, pé òun ni wọ́n ń ní kó mú sípánà wá. Ṣé èmi ni mo ní kó ti ṣọ́ọ̀bù? Mi ò pa irọ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ mi ni mo gbé sókè.

"Ó ti rù," Màmá sọ lórí fóònù. Mo fẹ́ sọ pé mi ò bi yín bóyá ó rù. Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, mà."

Kí wọ́n wá. Kí àwọn méjèèjì wá. Ojú mi ti rí màbo lórí ìwé yìí, mi ò ní jẹ́ kó já sásán.

Baba Oníwèé ni mo kọ́kọ́ lọ bá, bàbá tó ń ta ìwé àlòkù lábẹ́ àtẹ̀gùn báńkì. Ó fa ìwé kan yọ, ó fi apá nu eruku rẹ̀, ó ní èyí gan-an ni mo ń wá, kí n wo àwòrán iwájú rẹ̀. Mo wò ó. Táńkì pupa, iná róbótó, tèmi gan-an. Mo gbé e délé, mo ṣí i, ẹ́ńjìnnì olórí méjì ni mo bá nínú rẹ̀. Orí kan ni tèmi ní. Mo dá a padà, mo ní Bàbá, orí kan ni tèmi ní. Ẹ̀rín ò pa bàbá yìí, ìtìjú ò mú un. Ó ní kò sí wàhálà níbẹ̀, kí n kúkú máa ka ìdajì.

Ìdajì. Bàbá àgbàlagbà.

Mo gbé ìwé mi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo lọ bá Ìyá Kọ̀ǹpútà, obìnrin tó ń ṣe fọ́tò-kọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé wa. Mo kọ nọ́ńbà tó wà lára máṣíìnì fún un, ó wá a jáde, ó tẹ̀ ẹ́, ó dì í pọ̀, ó lẹ̀ ẹ́. Mo ṣí i… kò sí lẹ́tà kan níbẹ̀ tí mo mọ̀. Èdè ibòmíràn pátápátá ni, àwọn ìlà rẹ̀ dà bí ibi tí adìyẹ ti tan ilẹ̀. Mo gbé e padà. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní: "Ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ mọ́lẹ̀ o, Àǹtí." Mo mí kanlẹ̀. Ó wá òmíràn.

Ìwé kẹta. Ìwé kẹta ni mo fẹ́ dáná sun. Ó ṣeé kà, mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ki kọ́kọ́rọ́. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣí ẹnu táńkì. Ó ní kí n má ṣe da omi sí i. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé ibi tí ọwọ́ fẹ́ wọnú iṣẹ́, tó kan búréèkì, tó kan ẹ́ńjìnnì, ó ní: ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì yín. Mo fi bírò pupa fa ìlà sídìí rẹ̀ níbi gbogbo tó ti sọ ọ́. Ìgbà mẹ́tàlélógójì. Mẹkáníìkì mi. Mẹkáníìkì mi gan-an ni mo ń bá jà, ìwọ ìwé òmùgọ̀ yìí.

Ìyá Kọ̀ǹpútà ló wá bi mí níkẹyìn pé níbo gan-an ni mo ti ń rí nọ́ńbà tí mo ń kọ wá. Mo ní ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì, lára ike dúdú yẹn. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó ní sítíkà nìyẹn, ìta ni wọ́n ti ń rà á, èyí tó bá wuni ni wọ́n ń lẹ̀. Ó ní kí n lọ wo ọrùn máṣíìnì. Mo délé, mo yí ọwọ́ rẹ̀ síbì kan, mo fi bíléèdì ha ọ̀dà mẹ́ta orí ara wọn kúrò, ni nọ́ńbà tòótọ́ bá yọjú látinú irin. Àtèyí, àti ti ẹ̀gbẹ́, wọn ò jọra rárá. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń ka ìwé máṣíìnì ẹlòmíràn. Èmi tíṣà.

Ó dára. Ọjọ́bọ̀ ni ìwé kẹrin dé, òun sì ni. Mo ka nọ́ọ̀tì tó wà lára ìdérí ẹ́ńjìnnì nínú àwòrán, méje. Mo ka tèmi, méje. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín nìkan. Mo ní Bọ̀dá, ọwọ́ ti tẹ̀ ọ́.

Ìgbà wo wá nìyẹn… àná, àná òde yìí. Mo ti ka orí búréèkì ẹ̀yìn nígbà mẹ́fà. Ojú ewé àádọ́jọ dé ọgọ́jọ. Mo ti kà á síwájú, mo ti kà á sẹ́yìn. Wo ohun tó wà níbẹ̀. Wò ó. "Fún nọ́ọ̀tì irin adènà náà le. Ki píìnì tuntun bọ̀ ọ́. Tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì."

Tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Ta ló lọ sọ fún ìwé? Ẹnu Bọ̀dá gan-an ni ìwé fi ń sọ̀rọ̀. Inú ń bí mi. Mo fẹ́ kó sọ pé ohun tó ṣe kò dáa, ó ń sọ pé bó ṣe ní òun ṣe é gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe? Ìwé ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìwé ò lè bá mi jẹ́rìí pé kò ki píìnì kankan bọ ibì kankan. Màá sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá. Màá ní ẹ wò ó, Màmá, ohun tó yẹ kó ṣe nìyí, tó bá ṣe é ni, nọ́ọ̀tì ì bá ti jábọ́? Ó tó. Ó yẹ kó tó. Nọ́ọ̀tì tó ní píìnì kì í jábọ́, ìwé fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Nítorí náà kò fi sí i. Òpin ọ̀rọ̀.

Kí ló wá dé tí ara mi ò balẹ̀?

Aago mẹ́ta ku díẹ̀. Rédíò aládùúgbò ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mi ò fẹ́ dìde. Jẹ́ n fi búréèkì sílẹ̀ ná. Jẹ́ n ka ibi tí mo mọ̀ bí ẹní mowó, kí orí mi lè fúyẹ́. Ṣéènì. Èmi ni mo ń fa ṣéènì mi fúnra mi, nílé, mi ò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Bọ̀dá ló kọ́ mi, pẹ̀lú máṣíìnì kékeré tí mo ń gùn kí n tó ra èyí. Tú nọ́ọ̀tì ńlá, fa ọ̀tún, fa òsì, kí méjèèjì dọ́gba, kí ìka méjì lè gbé e mì. Wò ó, ojú ewé igba ó lé mọ́kànlá. Èkíní, tú nọ́ọ̀tì ńlá. Mo mọ̀. Èkejì: "Yọ píìnì irin adènà búréèkì, kí o sì dẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀."

Kí ni búréèkì ń wá nínú ọ̀rọ̀ ṣéènì?

Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ra ni. Ojú ewé míràn ló ṣì wọ̀ síbí… rárá, nọ́ńbà rẹ̀ tẹ̀ léra. "Bí a kò bá dẹ ẹ́, táyà kò ní lè sún sẹ́yìn." Máṣíìnì kékeré yẹn ò ní irú ìyẹn. Máṣíìnì kékeré yẹn, èèyàn kàn máa ń fà á ni. Èyí… èyí, táyà kò ní lè sún sẹ́yìn.

Táyà ò sún.

Ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀yìnkùlé. Táyà ò sún, mo fi ẹsẹ̀ ta á, kò sún.

Dúró. Sátidé wo? Mo ti fa ṣéènì lọ́pọ̀ Sátidé. Kì í ṣe — Ọjọ́rú ló pààrọ̀ páàdì. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, ó fi ìka gbé ṣéènì, ó ní: "Ṣéènì yìí ti dẹ̀. Fi í sílẹ̀ o. Gbé e wá lọ́jọ́ Ajé tó o bá ti dé láti iléèwé, màá bá ọ fà á." Mo ní ẹ ṣeun, Bọ̀dá. Mo gùn ún lọ. Ṣéènì ń lu irin ní gbogbo ọ̀nà, ó ń tì mí lójú láàrin ìgboro. Nígbà tó fi máa di Sátidé, mo ní kí ni mò ń dúró de ọjọ́ Ajé fún, ṣé ọwọ́ mi ké ni?

Táyà ò sún. Mo wo abẹ́ rẹ̀, mo rí nọ́ọ̀tì kan tó di nǹkan mú. Mo fi sípánà sí i, ó yí díẹ̀, nǹkan kan gbá a mú. Mo tẹjú mọ́ ọn. Wáyà kan. Mo rò pé wáyà ni, pé ó há síbẹ̀ lójú títì. Mo fi ẹ̀mú tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fà á, ẹnu rẹ̀ gún mi ní àtàǹpàkò, mo la ẹ̀jẹ̀, mo pòṣé. Ó ń dán. Ó ń dán, kò ní ìpẹtà kankan lára, nínú gbogbo ìdọ̀tí àti gíríìsì yẹn. Mo sọ ọ́ fò lórí ọgbà. Mo dẹ nọ́ọ̀tì, táyà sún. Inú mi dùn. Ṣéènì le, ó dọ́gba, mo yí táyà, kò pariwo. Mo tilẹ̀ kí ara mi.

Nọ́ọ̀tì yẹn wá ńkọ́? Ṣé mo fún un padà? Ìgbà wo ni mo fún un? Nọ́ọ̀tì ńlá, mo rántí bí mo ṣe fún un, mo fi ẹsẹ̀ tẹ sípánà. Èyí… mò ń wá a lọ́wọ́ ara mi, bí ìgbà tí èèyàn ń wá kọ́kọ́rọ́, mi ò rí i. Mo fọ ọwọ́. Omi dúdú. Ọṣẹ. Mo wọlé lọ jókòó.

Rárá. Rárá o. Ó yẹ kó ti sọ fún mi. Ó yẹ kó ti là mí lóye pé máṣíìnì yìí yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, pé ó ní irú píìnì báyìí. Mẹkáníìkì tó bá mọ iṣẹ́, ó yẹ kó sọ fún ẹni tó —

Fi í sílẹ̀, ó sọ fún mi. Fi í sílẹ̀ o. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, mo sì ní ẹ ṣeun.

Ta ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kẹ́yìn? Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè yẹn, mi ò bi ara mi rí. Máṣíìnì mọ́kànlá. Mo gbé ọwọ́ sókè ní yàrá àwọn tíṣà. Yàrá náà pa lọ́lọ́, ó sì dùn mọ́ mi pé ó pa lọ́lọ́.

Ohùn ta nìyẹn? Ohùn Màmá ni, lẹ́nu géètì, wọ́n ń kí àwọn aládùúgbò. Aago mẹ́rin ò tíì lù. Wọ́n ti dé. Mo gbọ́ ohùn kejì, ó rọra ń kí wọn tẹ̀ lé ti Màmá.

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ̀yìnkùlé, èmi nìkan ni. Ojú ewé yìí, èmi nìkan ló ń kà á. Mo lè pa á dé báyìí, kí n ṣí orí búréèkì, kí n fi ìka lé ibi tó bá wù mí, kí n ní ẹ wò ó, òun nìyí, ibí ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ jẹ̀bi. Màmá ò ní yẹ̀ ẹ́ wò. Bọ̀dá náà ò ní yẹ̀ ẹ́ wò, Bọ̀dá ò mọ̀wé kà. Kíláàsì kẹta ni wọ́n ti sá kúrò níléèwé, tí wọ́n wọnú iṣẹ́ mẹkáníìkì. Nọ́ńbà ẹnu sípánà nìkan ni wọ́n mọ̀. Wọ́n á wo ibi tí ìka mi wà. Wọ́n á bi mí pé ṣé bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn. Tí mo bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á gbà. Wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn á gbà.

Wọ́n mọ̀. Lọ́jọ́ náà, níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń nu ọwọ́… Bọ̀dá mi mọ̀ pé àwọn ò lè ka ìwé yẹn. Wọ́n mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn tí yóò kà á fún wọn, èmi náà ni. Èmi tí mo dúró síbẹ̀ tí mò ń nàka sí wọn. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ kà á, kí n wá sọ ohun tí mo bá níbẹ̀.

Wọ́n ti wà lórí àtẹ̀gùn ẹnu ilẹ̀kùn. Màmá ń mí gúlegúle, Bọ̀dá ń sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra. Ìwé ṣì ṣí lórí itan mi, ní ojú ewé igba ó lé mọ́kànlá. Ó dá Bọ̀dá mi lójú pé ohun tó bá wà níbẹ̀ ni màá kà. Bí mo ṣe ń pariwo lé wọn lórí tó yẹn, tí mò ń pè wọ́n ní ìwọ lójú gbogbo èèyàn, ó dá wọn lójú.